Lẹ́ńsì iná lésà di máíkírósíkóòpù orí fóònù: bí a ṣe kọ́ ọ, ohun tó bàjẹ́, àti bí àwòrán rẹ̀ ṣe ń dé ojú òpó

Ojú òpó kan tí a ti ń fi Yorùbá sọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì ni iṣẹ́ yìí wà fún. Ẹsẹ̀ eṣinṣin, ìyẹ́ labalábá, omi adágún: gbogbo àwòrán wọn ni à ń yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bí ẹnìkan bá wá béèrè pé "Báwo ni nǹkan yìí ṣe tóbi tó gan-an?", ẹnu á wọhò, torí àwòrán tí a yá kì í bá ìwọ̀n rẹ̀ wá. Àwòrán tí kò ní ìwọ̀n, ọ̀ṣọ́ lásán ni. A wá kọ́ máíkírósíkóòpù tí fóònù lè jókòó lé. Apá kejì àkọsílẹ̀ yìí dá lórí ohun tí a ń ṣe lẹ́yìn tí a bá ti ya àwòrán tán, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe wa pọ̀ sí jù.

Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé lẹ́ńsì kan ṣoṣo tó o. Antonie van Leeuwenhoek, oníṣòwò aṣọ ará Delft ní Netherlands, lẹ́ńsì kan ṣoṣo ló fi rí àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ inú omi tó kọ lẹ́tà nípa wọn sí Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní London, ní 1676.

Ohun èlò àti owó

Bóòtù M8 oníwọ̀n 100 mm, mẹ́ta: ₦1,200. Nọ́ọ̀tì mẹ́sàn-án: ₦900. Nọ́ọ̀tì elétí méjì, irú èyí tí ọwọ́ lásán lè yí: ₦400. Wásà mẹ́jọ: ₦400. Àjẹkù ike aláwọ̀ gíláàsì, 15 cm sí 15 cm, tó nípọn ní 4 mm: ₦2,500. Tọ́ọ̀ṣì kékeré oníbátìrì: ₦1,200. Gíláàsì fírémù àwòrán, 2 mm: ₦500. Áyódíìnì láti ṣọ́ọ̀bù olóògùn: ₦700. Iná lésà pélébé, irú èyí tí olùkọ́ fi ń tọ́ka sí pátákó, ₦1,500 ẹyọ kan. Mẹ́rin la rà, ₦6,000. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦13,800. Méjì nínú lésà mẹ́rin yẹn, ọwọ́ wa la fi bà wọ́n jẹ́, nítorí náà ẹni tó bá ka ìpele kìíní dáadáa, ₦10,800 ni ìbá ná ní iye owó ìgbà tí a rà wọ́n.

Ọ̀fẹ́ ni pákó: ẹyọ kan tó nípọn ní 2 cm fún ìdí, òmíràn tó nípọn ní 6 mm fún pẹpẹ. Káfíńtà kì í gbowó lórí àjẹkù tó kéré báyẹn. Dírílì, fáìlì roboto, ayùn àti pépà ìhapákó, a yá wọn ni.

1. Yíyọ lẹ́ńsì

Ẹ kọ́kọ́ yọ bátìrì iná lésà náà. Èyí kì í ṣe àwàdà: bí a bá tẹ bọ́tìnì rẹ̀ nígbà tí orí rẹ̀ ti ṣí, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lè wọ ojú lọ tààrà. Lẹ́yìn náà, ẹ yí orí rẹ̀ títí yóò fi jáde. Nínú rẹ̀, ẹ ó rí òrùka dúdú kan tó ní ẹnu tóóró méjì. Òun ló di lẹ́ńsì mú, sípírínì kékeré sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Lẹ́ńsì àkọ́kọ́: a fi ẹ̀mú ńlá fún ara lésà náà kó lè là. Ó là lóòótọ́, ṣùgbọ́n etí irin tó ya fa ojú lẹ́ńsì. Ìlà funfun kan wà láàárín gbogbo àwòrán tí a fi í yà. Ìparí rẹ̀ nìyẹn.

Lẹ́ńsì kejì: a fi ẹnu ẹ̀mú tínínrín, irú tí wọ́n fi ń yọ ẹ̀gún, sínú ẹnu tóóró méjèèjì, a sì yí òrùka náà jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Lẹ́ńsì jáde láìfarapa. Àmọ́ girísì wà lára rẹ̀, la bá fi omi tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná nù ún. Ojú ẹsẹ̀ ló kún bí ojú tí ìkúùkù bò. Ike ni lẹ́ńsì yìí, kì í ṣe gíláàsì, ásítóònù inú omi yẹn a sì máa jẹ ike. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ̀kán ọṣẹ kan, òwú tó mọ́: ìyẹn nìkan ni kó kan lẹ́ńsì yín.

Ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin jáde ní àlàáfíà. Ìbú wọn jẹ́ 6.5 mm.

2. Pẹpẹ òkè

Pẹpẹ òkè ni fóònù yóò sùn lé, lẹ́ńsì yóò sì wà nínú ihò rẹ̀. Gíláàsì fèrèsé lúfà àtijọ́ la kọ́kọ́ fẹ́ lò, torí ó wà nílẹ̀. Dírílì ò tíì wọ inú rẹ̀ dé 1 mm tó fi sán láti etí dé etí. Bí ẹ ò bá ní ẹnu dírílì tí wọ́n ṣe fún gíláàsì, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má dán an wò. Àfọ́kù rẹ̀ ń fò.

Ike 4 mm ló gbà. Ẹ fi tépù lẹ ojú ibi tí ẹ ó lu kó má baà fọ́ ní etí, ẹ fi dírílì 6 mm lu ihò náà já, kí ẹ sì fi fáìlì roboto fẹ ìdajì òkè rẹ̀ dé 6.5 mm. Lẹ́ńsì á jókòó sórí etí tó kù nísàlẹ̀ bí ìdérí tó bá ìkòkò mu. Orí lẹ́ńsì kò gbọdọ̀ yọ ju ojú ike lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ rì ju 0.5 mm: bí ojú kámẹ́rà bá jìnnà sí lẹ́ńsì, òkùnkùn roboto yóò yí àwòrán ká.

Lẹ́ńsì yìí ní ojú méjì tí kò rí bákan náà. Ẹ wo méjèèjì kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́: ẹ ya orí rúlà, ẹ yí lẹ́ńsì padà, ẹ tún un yà. Ojú tí etí àwòrán rẹ̀ bá mọ́ jù ni ẹ ó lò. Gọ́ọ̀mù tó ń gbẹ kíákíá ń ru èéfín funfun tó máa ń lẹ̀ mọ́ lẹ́ńsì, nítorí náà tépù tínínrín la fi dì í mú.

Ẹ yọ fóònù kúrò nínú àpò rẹ̀. Kámẹ́rà ọ̀pọ̀ fóònù ìsinsìnyí yọ síta, fóònù ò wá ní sùn tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́. A gé páálí lílé sí fọ́ọ̀mù òrùka, a tẹ́ ẹ yí ihò ká, ó bá dọ́gba.

3. Òpó mẹ́ta àti pẹpẹ àárín

Bóòtù méjì níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Àlàfo àárín méjèèjì iwájú jẹ́ 11 cm. Ẹ lu pákó ìdí, ẹ gbẹ́ ibi tí orí bóòtù yóò rì sí nísàlẹ̀ kó má baà mì lórí tábìlì, ẹ fi nọ́ọ̀tì dì í lókè. Bóòtù méjèèjì iwájú yóò gba inú pẹpẹ àárín kọjá, nọ́ọ̀tì elétí yóò wà lábẹ́ pẹpẹ náà láti gbé e sókè sódò. Pẹpẹ òkè yóò wá wà láàárín nọ́ọ̀tì méjì lórí òpó kọ̀ọ̀kan. Àárín pẹpẹ àárín ní ihò 20 mm tí gíláàsì fírémù bò. Ibẹ̀ ni ohun tí a fẹ́ wò yóò wà, tọ́ọ̀ṣì yóò sì tàn sí i láti ìsàlẹ̀.

Níbí ni iṣẹ́ ti dúró fún ọjọ́ méjì. Gbogbo nǹkan wà nípò, àmọ́ àwòrán ò mọ́, bó ti wù kí a gbé pẹpẹ sókè tó. Nọ́ọ̀tì tó wà lábẹ́ pẹpẹ òkè ló fà á: nọ́ọ̀tì M8 ga ní 6.5 mm, wásà rẹ̀ fi 1.5 mm kún un, ìyẹn 8 mm, pẹpẹ àárín ò sì lè gòkè kọjá ibẹ̀. Lẹ́ńsì yìí ń fẹ́ kí nǹkan sún mọ́ ọn tó 3 mm sí 4 mm. A rò ó pé ká ha nọ́ọ̀tì náà kéré, kó tó hàn sí wa pé ohun tí a ń wò ló yẹ ká gbé ga: gíláàsì 2 mm mẹ́ta lórí ara wọn, 6 mm, lójú ihò náà. Ààyè tó kù wá di 2 mm, pẹpẹ sì lè sọ̀ kalẹ̀ bí a bá ti fẹ́.

Ìṣòro kékeré kan tún wà: a ti fi dírílì 10 mm lu ihò pẹpẹ fún bóòtù 8 mm, ó ń yẹ̀gẹ̀rẹ̀. 8.5 mm ló tọ́. Dípò kí a gé pákó tuntun, a fi rọ́bà ìdìwó di apá méjèèjì pẹpẹ náà mọ́ ìdí, kó lè máa fà á tì sórí nọ́ọ̀tì. Kò mì mọ́.

Yíyí nọ́ọ̀tì elétí: eyín bóòtù M8 fi 1.25 mm jìnnà síra, nítorí náà yíyípo kan ń gbé pẹpẹ ní 1.25 mm, èyí sì ti pọ̀ jù. Ẹ yí méjèèjì pọ̀ títí àwòrán yóò fi fẹ́ hàn, lẹ́yìn náà kí ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀. Bí ẹ bá yí ẹyọ kan ní ìdá mẹ́jọ yíyípo, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò gòkè ní nǹkan bí 0.16 mm, àárín pẹpẹ á sì gòkè ní ìdajì rẹ̀, 0.08 mm. Ìyẹn ló ń mú àwòrán mọ́.

4. Ìmọ́lẹ̀

Bí ẹ bá tan iná NẸ́PÀ sí i, ìlà dúdú yóò máa rìn kọjá lójú fídíò yín, torí iná náà ń ṣẹ́jú pẹ̀lú ìlọ-bọ̀ iná mànàmáná tí ojú wa ò lè rí. Tọ́ọ̀ṣì oníbátìrì kékeré kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé e sí 5 cm sábẹ́ pẹpẹ, kí ẹ sì fi bébà funfun kan bo ẹnu rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè tàn kálẹ̀ dọ́gbadọ́gba.

Ohun tó tinrin tí kò láwọ̀, bí awọ àlùbọ́sà, ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ á gbé e mì. Ẹ gé ihò 5 mm sára páálí dúdú, kí ẹ sì gbé e sórí bébà funfun yẹn. Etí sẹ́ẹ̀lì á yọ jáde. Ohun tí ìmọ́lẹ̀ ò lè gba inú rẹ̀ kọjá, bí orí èèrà, ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ ti tan iná sí i.

5. Wíwọn: ìpele tí kò gbọdọ̀ fò

Ẹ gbé rúlà aláwọ̀ gíláàsì sábẹ́ lẹ́ńsì, ẹ ya á láìfa àwòrán súnmọ́. Tiwa: àwòrán tó fẹ̀ ní píksẹ́lì 4,000 (píksẹ́lì ni àwọn ẹyọ àmì wẹ́wẹ́ tó para pọ̀ di àwòrán) gba 6.4 mm lórí rúlà. 4,000 pín sí 6.4 jẹ́ 625. Nítorí náà, mìlímítà kan jẹ́ píksẹ́lì 625 lórí ẹ̀rọ wa. Tiyín yóò yàtọ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n fúnra yín, kí ẹ sì lẹ nọ́ńbà náà mọ́ ara pẹpẹ.

Lẹ́ńsì méjì lórí ara wọn sọ ọ́ di nǹkan bí 1,250 sí mìlímítà kan. Àmọ́ ìgbà náà, ohun tí à ń wò gbọdọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan lẹ́ńsì, etí àwòrán a sì máa tẹ̀. Kóró sítáàṣì inú iṣu nìkan la ń lò ó fún.

Ẹ pa ohun tó ń mú kí fóònù pààrọ̀ kámẹ́rà fúnra rẹ̀ bí nǹkan bá sún mọ́ ọn. Ó tàn wá jẹ lẹ́ẹ̀kan: ìdajì àwòrán ọjọ́ kan wá láti ara kámẹ́rà mìíràn, nọ́ńbà 625 ò sì bá wọn mu. Ẹ pa ẹ̀wà ojú àti ìmúdára aládàáṣe náà pẹ̀lú. Ìmúdára yẹn máa ń fi ìlà tí kò sí níbẹ̀ sí ara ìyẹ́ kòkòrò, ẹni tó bá mọ ìyẹ́ kòkòrò á sì rí i.

6. Ohun tí a yà

*Àlùbọ́sà.* Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀ ni, èyí tó dàbí ọ̀rá, kì í ṣe èèpo pupa tòde. Ẹ fi ẹ̀mú ká a, ẹ tẹ́ ẹ sórí ẹ̀kán omi láìjẹ́ kó ká. Áyódíìnì ẹ̀kán kan sí omi ẹ̀kán márùn-ún, ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹ fi tíṣù fà á kúrò. Kókó inú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan á hàn bí àmì roboto aláwọ̀ ìyeyè. Sẹ́ẹ̀lì kan gùn tó píksẹ́lì 190 lórí ẹ̀rọ wa, ìyẹn 0.3 mm.

*Òdòdó ilá.* Lẹ́búlẹ́bú àárín rẹ̀ ju 0.1 mm lọ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀gún sì yí i ká bí èso tó hu irun. Ẹ gbọn ọ́n sórí gíláàsì gbígbẹ. Nínú omi, yóò lẹ̀ papọ̀.

*Iṣu.* Èyí ló dùn mọ́ àwọn èèyàn jù, kò sì yà wá lẹ́nu. Ẹ fi abẹ ha ojú iṣu tútù díẹ̀ sínú ẹ̀kán omi, ẹ fi áyódíìnì kán an. Kóró sítáàṣì á dúdú bí aró, lọ́kọ̀ọ̀kan, etí rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ẹ mú ìyán tó kéré bí orí ìṣáná, ẹ pò ó mọ́ omi, ẹ ṣe é bákan náà. Kóró náà ti wú, ó ti bẹ́, kò ní etí mọ́. Gbogbo rẹ̀ ti di ọ̀kan. Ohun tí ooru ṣe fún iṣu nínú ìkòkò nìyẹn, òun ló sì ń jẹ́ kí ìyán fà. Àwòrán méjèèjì ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, pẹ̀lú ìlà òṣùwọ̀n kan náà (ìlà tó ń fi ìwọ̀n hàn lórí àwòrán), sọ ohun tí gbólóhùn mẹ́wàá ò lè sọ.

*Tanwíji.* Ẹ mú èyí tó kéré, 1 mm sí 3 mm. Àgbà ò ní gba ojú àwòrán. Omi púpọ̀ kò dára: ẹ fi tíṣù fà á títí tanwíji ò fi ní lè lúwẹ̀ẹ́ mọ́ àmọ́ tí ara rẹ̀ ṣì tutù. Ìṣẹ́jú kan péré lẹ ní. Ẹ má dá omi tó kù padà sínú agolo, orí ilẹ̀ gbígbẹ ni kí ẹ dà á sí.

Ẹ lo aago ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta kámẹ́rà fún gbogbo rẹ̀. Fífi ọwọ́ kan ojú fóònù ní àkókò yíyà ti tó láti mi àwòrán.

7. Ìlà òṣùwọ̀n àti gígé

Àṣìṣe wa tó burú jù rèé. A dín àwòrán kù láti píksẹ́lì 4,000 sí 1,080, a wá fa ìlà píksẹ́lì 312 sí i, a kọ "0.5 mm" sábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìdínkù, mìlímítà kan ti di píksẹ́lì 169 péré, nítorí náà ìlà wa jẹ́ 1.85 mm ní tòótọ́. Ẹni tó bá fi ìlà yẹn wọn sẹ́ẹ̀lì àlùbọ́sà, 0.08 mm ni yóò rí dípò 0.3 mm. Àwòrán mẹ́fà ló ti jáde báyẹn kí a tó rí i. A yọ wọn, a fa ìlà mìíràn, a sì kọ sókè pé ti tẹ́lẹ̀ kò tọ̀nà.

Ìlànà báyìí: ẹ fa ìlà sórí àwòrán kíkún, 312 fún 0.5 mm tàbí 62 fún 0.1 mm, kí ẹ tó fọwọ́ kan ìwọ̀n rẹ̀. Bí ẹ bá wá dín in kù, ìlà á dínkù pẹ̀lú rẹ̀. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ kàn gé àárín rẹ̀ jáde ní 1,080 sí 1,350 láìdín in kù rárá. Àárín ló mọ́ jù, etí ò sì níye lórí.

8. Ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ àwòrán

Ohun mẹ́rin la ń kọ: orúkọ nǹkan náà, ìwọ̀n rẹ̀, bí a ṣe yà á (àwọ̀ tí a fi kán an pẹ̀lú), àti ohun kan tó yẹ kí ènìyàn wò. "Ẹ wo àmì roboto inú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan" dára ju "Ẹ wo iṣẹ́ àrà ìṣẹ̀dá" lọ.

Yíyan ọ̀rọ̀ gba sùúrù. A kọ́kọ́ pe ti òdòdó ilá ní "eruku òdòdó", àwọn kan sì rò pé eruku ọyẹ́ tó bà lé òdòdó là ń sọ. "Lẹ́búlẹ́bú tí oyin ń gbé láti òdòdó dé òdòdó" gùn, àmọ́ kò sẹ́ni tó tún béèrè. Ohun tó bo ìyẹ́ labalábá, ìpẹ́ la pè é, bíi ti ẹja; ó yé àwọn èèyàn lójú ẹsẹ̀, nítorí pé bó ṣe lé ara wọn nìyẹn.

Tanwíji wá dójú tì wá. A kọ "ẹ̀fọn tó ń fa ibà" sábẹ́ àwòrán kan, bẹ́ẹ̀ ọ̀pá ìmí gbọọrọ wà nídìí rẹ̀. Anopheles, irú ẹ̀fọn tó ń gbé ibà, kò ní ọ̀pá yẹn. Gbọọrọ ni tanwíji rẹ̀ ń sùn sábẹ́ ojú omi. Èyí tó ní ọ̀pá gígùn tínínrín tó sì ń dorí kodò nínú omi, Culex, irú ẹ̀fọn mìíràn, ni. Lórí gíláàsì, ẹ ò lè rí bó ṣe dúró nínú omi, nítorí náà ìdí rẹ̀ ni kí ẹ wò. A ṣàtúnṣe rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, a ò pa ti àkọ́kọ́ rẹ́, a kọ "Àtúnṣe" sórí rẹ̀.

Àwòrán tí a bá yá ńkọ́? A ṣì ń yá ti ojú ọ̀run, torí lẹ́ńsì ₦1,500 ò lè dé ibẹ̀. Fún àwòrán James Webb, awò tó ń wo ojú ọ̀run, tó gbéra ní 25 December 2021, a máa ń kọ orúkọ àwọn tó ni ín, a sì máa ń sọ pé ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa kò lè rí ni awò náà ń gbà, pé ènìyàn ló yan àwọ̀ tí a fi hàn wá. Bí a kò bá sọ ọ́, àwọn èèyàn á gbà pé bó ṣe pupa nìyẹn lójú lásán.

9. Fífi ránṣẹ́

Ẹ pa ibi tí kámẹ́rà ti ń kọ àdírẹ́sì ibi tí ẹ wà sínú àwòrán kí ẹ tó yà á. Lórí WhatsApp, ẹ fi àwòrán ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí fáìlì, kó má baà fún un pọ̀. Ìpẹ́ labalábá ló kọ́kọ́ máa ń di ẹrẹ̀. Ẹ̀dà kékeré kan fún ẹni tí dátà rẹ̀ kò pọ̀, ẹ̀dà kíkún fún olùkọ́ tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Fídíò tanwíji: ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá tó, láìsí orin.

Iṣẹ́ tó kù: ìdérí fún pẹpẹ òkè, torí eruku ọyẹ́ ti ń kó sínú ihò lẹ́ńsì, òwú sì ń fà á sára ike. Lọ́wọ́lọ́wọ́, ìdérí ìgò omi la fi ń bò ó.